Bí mo ṣe ń kọ uli sí ọwọ́

Ẹni tó bá mọ bùjé, omi èso tí àwọn Yorùbá fi ń ya ọnà dúdú sára, ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ná. Uli tí àwọn obìnrin Ígbò fi ń ṣe ara lóge, èso irúfẹ́ igi bùjé ni wọ́n ti ń fún un. Nsukka ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mama.

Ẹ wá èso tútù, èyí tó ti gbẹ kò lómi nínú. Ẹ là á, ẹ ha inú rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ fún omi rẹ̀ sínú abọ́ kékeré. Ẹ má bu omi là á o.

Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má láwọ̀ rárá, ibẹ̀ ló ti mú mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni. Mo fọwọ́ nu òógùn ojú, mo sùn. Ilẹ̀ mọ́, ìlà dúdú mẹ́ta gbọọrọ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ilà fún! Ọṣẹ ò ràn án, kànìnkànìn ò ràn án. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbé ojú yẹn lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Mama rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Àtìgbà náà ni mo ti ń po lẹ́búlẹ́bú èédú díẹ̀ mọ́ ọn, kí n lè rí ibi tí mo kọ dé.

Ẹ fọ ọwọ́, kó gbẹ, ẹ má fi ìpara. Ẹ kọ́kọ́ kán díẹ̀ síbì kan bóyá á yún yín. Igi ìgbálẹ̀ kan tí ẹ gbẹ́ ṣóńṣó ni kálàmù.

Ẹni tó ti ń kọ làálì á fẹ́ kún ọwọ́ bámúbámú. Uli kò gba bẹ́ẹ̀: ara tí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo wà lára ọnà náà. Agwọlagwọ, ejò tó ká, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé igi lé ara, ẹ ká a lọ láì gbọ́wọ́ sókè. Ọnwa, òṣùpá, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà isi nwọjị, orí obì aláwẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan lẹ́yìn ọwọ́, ọ̀kan nítòsí ìgúnpá, ó ti tó. Kò pọn dandan kí ọ̀tún jọ òsì.

Uche Okeke, ayàwòrán ọmọ Ígbò tó mọ uli láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, gbé irú ìlà yìí sórí bébà, ó sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Nsukka lẹ́yìn ogun tó parí ní 1970. Ẹ̀yin náà ẹ fi bíírò kọ ọ́ sórí bébà títí ọwọ́ yín á fi dákẹ́ gbígbọ̀n, torí uli kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa rẹ́.

Bó bá gbẹ, ẹ sùn tì í. Láàárọ̀, èédú á ṣàn lọ, dúdú tó fẹ́ jọ ti aró á kù, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ ṣáà má tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà.