Bí mo ṣe ṣe ògì nílé nígbà kónílé-ó-gbélé, láì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abuja ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, iṣẹ́ tó bá àsìkò náà mu jù lọ lójú mi ni ògì ṣíṣe. Ògì kì í gba agbára tó bẹ́ẹ̀. Kéèyàn wà nítòsí ló ń gbà: ẹ ó pààrọ̀ omi láàárọ̀, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́, ẹ ó dúró dè é kó tòrò. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún àárọ̀ ò ráyè irú ẹ̀. Ohun tó fẹ́ dí wa lọ́wọ́ ni pé ẹlẹ́rọ ìlọta ò ṣí. Bùlẹ́ńdà la fi lọ̀ ọ́, ó sì kúnná, nítorí pé àgbàdo ti rẹ dáadáa kó tó dé inú rẹ̀.

Kóńgò méjì àgbàdo funfun gbígbẹ ni mo lò. Àgbàdo pupa náà dára, ọkà bàbà sì wà fẹ́ni tó bá fẹ́ ògì bàbà. Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ tú u sórí atẹ, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ wá ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ, torí òkúta kékeré kan tó láti ba abẹ bùlẹ́ńdà jẹ́. Èyí tó bá ti bu, tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé oúnjẹ wọ́n. Oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, fífọ̀ kì í mú un kúrò tán, iná ìdáná ò sì lè pa á tán. Bí ẹ bá ti da omi lé e, èyí tó bá léfòó, ẹ kó o kúrò: kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀.

Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, kì í ṣe páànù tó ń dógùn-ún. Kí omi ga ju àgbàdo lọ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, torí á wú, èyí tó bá sì yọrí sókè omi ò ní rẹ. Aṣọ tàbí ọmọrí tí ò há ni kí ẹ fi bò ó. Ooru máa ń mú gan-an ní Èkó lásìkò yẹn, ọjọ́ méjì lè ti tó. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi dé ọjọ́ mẹ́ta. Láràárọ̀ ni kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ ṣan àgbàdo, kí ẹ fi omi mìíràn sí i. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi, ògì ò ní kan. Yóò kan. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú un kan, tí Lactobacillus jẹ́ olórí wọn, ara àgbàdo ni wọ́n ń gbé. Omi tí ẹ dà nù ò lè gbé gbogbo wọn lọ. Òórùn burúkú ló ń bá omi yẹn lọ. Ibi tí àgbàdo ti ń rùn bíi ṣaláńgá, ẹ wádìí: ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ omi rẹ̀, tàbí wọ́n dé e pinpin nínú ooru.

Àwọn mìíràn máa ń da omi híhó lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí awọ rẹ̀ lè tètè rọ̀. Ó ń rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi híhó ń pa púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó yẹ kó mú un kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ṣe é.

Kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi èékánná là á sí méjì. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì gbẹ bí ẹfun, kò tíì tó. Bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, tí omi dé àárín, tí òórùn rẹ̀ sì ti ń kan fẹ́rẹ́fẹ́, ó yá.

Ife àgbàdo kan sí ife omi kan ààbọ̀ ni mo ń lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ike bùlẹ́ńdà má sì kọjá ìdajì. Bí omi bá kéré, abẹ á máa yí lójú kan, àgbàdo á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá pọ̀ jù, ẹyọ àgbàdo á máa sá fún abẹ. Ẹ lọ̀ ọ́ bí ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a dúró, ẹ rò ó, ẹ tún lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù. Òórùn rọ́bà tó ń jó ni àmì ìkẹyìn. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ atalẹ̀ àti kànáfùrù, ibí yìí ló ti ń fi í sí i: atalẹ̀ tó ìwọ̀n àtàǹpàkò méjì, kànáfùrù bí ẹyọ mẹ́wàá.

Sísẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà ni gbogbo ilé ti lè bá yín ṣe é. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ wá, irú ṣífọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe gèlè tàbí ìborùn. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa wọ inú ògì. Ẹ ta á sórí bàsíà, ẹ fi okùn dì í yíká ètí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ jìn díẹ̀ kí ògì lè dúró níbẹ̀. Ẹ bu ife kan sí i, ẹ da omi bí ife méjì lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i ká jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ìka họ ọ́: ìka ń ṣí ojú aṣọ, eèrí á sì bá a kọjá. Ọmọdé lè máa bu omi sí i. Omi àkọ́kọ́ tó ń kán sílẹ̀ á ki, á funfun. Bó bá ti ń kán gaara, eèrí yẹn ti parí, ẹ fún un, ẹ kó o kúrò. Eèrí bùlẹ́ńdà sábà máa ń ní ògì nínú, nítorí náà mo tún lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fi omi tó ti tòrò lórí bàsíà sẹ́ ẹ, kí omi má bàa pọ̀ jù.

Púpọ̀ nínú ọ̀rá àti èròjà amúaradàgbà àgbàdo wà nínú eèrí náà. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ló máa ń jẹ ẹ́. Fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ògì lásán ò tó. Ẹ fi sóyà, ẹ̀pà lílọ̀ tàbí wàrà kún un.

Ẹ da ohun tí ẹ sẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gíga, kì í ṣe abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, torí bí ẹ bá ń yí abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ògì á bá omi lọ. Láàárín wákàtí mẹ́fà, ó ti tòrò. Ẹni tí ò fẹ́ kó kan púpọ̀, kó da omikan, ìyẹn omi tó tòrò sórí ògì, nù nígbà yẹn. Ẹni tó fẹ́ kó kan, kó di ọjọ́ kejì. Èyí tó kù nísàlẹ̀, ẹ dà á sínú àpò ìrọ̀rí tó mọ́, ẹ so ẹnu rẹ̀, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú.

Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ má gbára lé fìríìjì. Ẹ fi ògì sínú abọ́, ẹ fi omi mímọ́ bò ó, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Á máa kan sí i, àmọ́ kò ní bàjẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ń fà, tàbí tí nǹkan kan hù lójú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí kókó á fi tán, kí ẹ wá da omi tó ń hó lé e, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Omi tí kò hó dáadáa ni kì í jẹ́ kó ki. Ẹ gbé e kaná díẹ̀, ẹ máa rò ó, á ki. Bó bá ti ki tán tó tún wá ń ṣàn nínú abọ́, ẹ wo ṣíbí. Itọ́ ẹnu ló ń tú ògì. Ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀, kí ẹ má sì dá ṣíbí tó ti kan ẹnu padà sínú ìkòkò.