Bí iyọ̀ ṣe wọ kànga mi, àti bí mo ṣe fi rọ́bà bíríkìlà wá ìdí rẹ̀

Mítà 14 péré ni kànga mi jìn tẹ́lẹ̀, òkun sì wà ní nǹkan bíi mítà 300 sí i. Omi rẹ̀ kò níyọ̀ rárá, kò kàn pọ̀ ni. Àwọn agbẹ́kànga ní bó bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe dùn tó. Mo sanwó, wọ́n gbẹ́ ẹ dé mítà 30, omi ya lu wá, inú mi dùn. Kò pé oṣù méjì tí ọṣẹ ò fi hó mọ́. Mo pè wọ́n padà, wọ́n ní kí n ra asẹ́. Mo tún rà á! Asẹ́ lásán wo ló ń sẹ́ iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi?

Ìbínú ló jẹ́ kí n wọn ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Wíwọn iyọ̀ kò le: ẹ ki ẹ̀rọ bọ omi, ẹ ka nọ́ńbà. Tèmi jẹ́ 3,100 microsiemens (ìwọ̀n bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá; bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ga tó); ti omi òkun máa ń tó 50,000. Ẹ má wò ó bíi pé ó kéré o. Bí omi òkun bá ti tó ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 nínú omi kànga, ó ti bà á jẹ́ fún mímu.

Ibi tó pa mí lẹ́kún ni mímọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe ga ju òkun lọ tó. Omi dídùn fúyẹ́ ju omi òkun lọ díẹ̀, ló fi léfòó lé e lórí lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ìṣirò Badon Ghijben àti Herzberg nìyẹn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí agbẹ́kànga tó sọ ọ́ fún mi.

Fóònù mi ní ibi tí mo dúró fi mítà 31 ga ju òkun. Òkun tí mò ń wò níwájú mi yìí! Nọ́ńbà sátẹ́láìtì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun, fóònù mi ò sì yọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kúrò.

Mo bá yá rọ́bà mítà 20 tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di orí kejì mú. A wọ̀n ọ́n láti ẹ̀bá kànga dé etí òkun, a tún wọ̀n ọ́n padà, kí n lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà á bára mu. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 40 yàtọ̀! Nínú ìṣirò yìí, mítà 16 omi dídùn nìyẹn.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ní ká tún lọ ni?"

A tún lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fi sẹ̀ǹtímítà 25 yàtọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju rọ́bà sókun. Ọjọ́ kẹta ni oòrùn tàn sí i lára, mo wá rí afẹ́fẹ́ roboto kan, kò tó èékánná ọmọdé, tó há síbi tí rọ́bà ti ṣẹ́po. A gbé rọ́bà sókè, a ń fi ìka ta á títí ó fi gòkè jáde. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni ìyàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Ojú òkun ńkọ́? Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó kún àti nígbà tó fà, mo mú àárín. Kànga aládùúgbò tí kò jìn ni mo fi wo ojú omi, torí tèmi ti di àdàlù. Ẹ rí i pé wọn ò fa omi láti alẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Sẹ̀ǹtímítà 60 ni ojú omi náà fi ga ju òkun. Ìyẹn já sí mítà 24 omi dídùn nísàlẹ̀ ojú òkun. Ilẹ̀ mi fi mítà 3 ga ju òkun, nítorí náà ìsàlẹ̀ kànga mítà 30 mi ti wà ní mítà 27 nísàlẹ̀ ojú òkun. Owó ara mi ni mo fi lọ bá iyọ̀ nílé rẹ̀. Pọ́ǹpù ńlá tí mo gbé sí i náà tún ń fa iyọ̀ gòkè sí i. Bó bá jẹ́ pé mo yá rọ́bà yẹn kí n tó pe agbẹ́kànga ni!

Mo ti ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa títí dé mítà 15, mo sì ń fi pọ́ǹpù kékeré fa omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ka 1,400 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì dùn, àmọ́ ọṣẹ ti ń hó.