Owó Tí Ẹ Ń Fi Yẹ Fáírọ́ọ̀sì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wò: Àṣìṣe Tó Ti Sú Mi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan gbé ọ̀rá ewé àgbagbà wá bá mi ní láàbù, ó ní kí n wò ó bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wo? Kò mọ̀. Ó kàn ṣáà ti sanwó níbòmíràn lẹ́ẹ̀mejì.

1. Ẹ má ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ oko rẹ̀. Wọ́n rí bunchy top, fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣù jọ sókè, ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún 2011; nígbà tó di 2012, ó ti dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ lè gbé e dé oko kejì, àmọ́ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ń gbé e dé ìlú kejì.

2. Kò sí oògùn tí ẹ máa fín sí i. Ẹ hú u tìdí-tìdí.

3. Ẹ má rò pé bí bunchy top ṣe rí ni streak, èyí tó ń fa ìlà-ìlà sára ewé, rí. Ibí gan-an ni inú ti ń bí mi. Ìdílé ńlá méjì ni bunchy top: ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, àti ti agbègbè òkun Pàsífíìkì àti Íńdíà. Inú ìkejì yìí ni tiwa ní Áfíríkà wà, wọ́n sì jọra púpọ̀. Streak kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ni, fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ ni: Goldfinger wà, Imové wà, Mysore wà, Obino l'Ewai náà wà, èyí tí wọ́n fi orúkọ àgbagbà ilẹ̀ Nàìjíríà sọ. Práímà, ìyẹn ohun tí láàbù fi ń wá fáírọ́ọ̀sì, tó mú ọ̀kan lè má rí èkejì rárá. Wọ́n á ní oko yín mọ́, irú kan ṣoṣo ni wọ́n sì wá.

Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n rí ohun tí kò sí. Baba ńlá méjì ni àgbagbà ní, ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó acuminata àti balbisiana. Fáírọ́ọ̀sì streak ti wọnú DNA (ohun àjogúnbá) balbisiana fúnra rẹ̀ láti ayébáyé, ó sùn síbẹ̀. PCR lásán, àyẹ̀wò tó ń wá DNA fáírọ́ọ̀sì, kò mọ èyí tó sùn yàtọ̀ sí èyí tó ń ba ewé jẹ́.

Ẹ bi mí léèrè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo yẹ ewé àgbagbà oko kan wò, gbogbo rẹ̀ pátá ló ní streak! Mo sáré pe bàbá olóko. Ọ̀gá mi wá bi mí pé, "Ewé tí ara rẹ̀ le tí o fi díwọ̀n ńkọ́?" Ewé yẹn náà ní streak; èyí tó sùn ni mo rí. Kí n tó tún pe bàbá, wọ́n ti hú ọgọ́ta ìdí. Títí dòní, bí mo bá ń gba iwájú oko wọn kọjá, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù: ṣé fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kì í ṣe DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì mú kí wọ́n tó ṣe PCR? Bí wọ́n bá ń wò yín lójú, ẹ gbé owó yín padà sápò.

Ìkẹrin... àbí ìkarùn-ún? Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìgò, èyí tí wọ́n hù ní láàbù láti ara ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré. Ẹ̀ ń sanwó iyebíye nítorí pé ó "mọ́". Wàhálà inú ìgò yẹn lè jí èyí tó sùn, pàápàá lára irú tuntun tí wọ́n fi àgbagbà bí.

Ẹni tó gbé ọ̀rá wá ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ni ewé yẹn lò nínú búùtù mọ́tò rẹ̀. Ó ti rà, omi ń kán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyẹn náà.