Bí ẹ̀rọ awárin yín kò bá rí nǹkan: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Ìbàdàn

Nínú àwọn ẹ̀rọ awárin (metal detector, èyí tó ń ké bó bá gbọ́ irin nínú ilẹ̀) tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti Mọ́níyà, Ìdó àti Lágelú pé ó ti kú, èyí tó kú lóòótọ́ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ ló ń bò wọ́n lójú, tàbí kí ọmọdé ti yí bọ́tìnnì kan tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Ẹni tó ń wá pín tó já lára katakata kò ráyè, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ ṣa ìṣó àti wáyà kúrò níbi tí màlúù ti ń jẹ kó má baà gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ẹ dán an wò lókè ilẹ̀ ná.

Ẹ gbé e kúrò nínú ilé. Irin wà nínú dẹ́kìn, irin wà nínú ògiri, páànù wà lókè orí yín. Ẹ̀rọ tó yè kooro yóò máa ké ní pálọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ẹ gbé e lé tábìlì onígi tí kò ní ìṣó, kí àwo rẹ̀, ìyẹn ohun pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó ń gbọ́ irin, yọ síta. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi fóònù sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹ wá mú kọ́bọ̀ pupa ti 1973 (àwọn àgbàlagbà ṣì ń fi pamọ́), kí ẹ máa gbé e kọjá níwájú àwo. Ẹ má dá a dúró lójú kan o: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kì í ké àfi bí nǹkan bá ń rìn. Bó bá ń gbọ́ kọ́bọ̀ náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ̀rọ yín yè.

Bí kò bá gbọ́, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí a ń ṣájì jẹ́ fóòtì (volt) 1.2, ti alkaline, èyí tí a kì í ṣájì, sì jẹ́ 1.5. Ẹ̀rọ tó ń gba mẹ́fà ń retí 9, ẹ wá fún un ní 7.2, àwọn kan á tan iná ojú wọn lásán, agbára kò ní sí. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sí ẹnu ibi tí bátìrì jókòó sí, ẹ fi òwú tó gba ọtí kíkan díẹ̀ nù ún, kó gbẹ dáadáa.

Ẹ wé wáyà àwo mọ́ ọ̀pá kó má máa fì. Kí ẹ sì bọ́ ìdérí abẹ́ àwo náà. Ẹ̀rọ kan ń ké ní gbogbo ibi tí wọ́n gbé e sí, ẹni tó ni ín ti fi ìbínú lù ú mọ́ igi ọsàn lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ ìdérí rẹ̀: ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ síbẹ̀, ó nípọn bíi páálí. A fọ̀ ọ́ dànù, ariwo dákẹ́. Ojú ń ti bàbá náà, àmọ́ ó ti gbàgbé ká tó jẹun tán.

Ẹrẹ̀ pupa yẹn gan-an ni olórí ọ̀ràn wa. Irin ló sọ yangí di pupa. Ẹ̀rọ awárin ń rán agbára òòfà lọ sínú ilẹ̀, irin tó bá wà níbẹ̀ á sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n yangí náà ń dáhùn, ohùn tirẹ̀ sì lè bo ti òrùka kékeré mọ́lẹ̀. Ẹ wá ojú ibi tí irin kò sí, ẹ lo ibi tí wọ́n kọ GB tàbí GROUND sí, kí ẹ máa gbé àwo lọ sókè sódò bí ẹni ń gún iyán, títí ilẹ̀ fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dín SENS kù, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń mú kí etí ẹ̀rọ túbọ̀ lágbára. Èyí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà. Bí ẹ bá ń wá ohùn ẹnì kan láàárín ọjà Bódìjà, tí ẹ wá mú kí etí yín túbọ̀ lágbára, ariwo ọjà náà ló máa pọ̀ sí i. Ẹ ṣí SENS títí ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, kí ẹ sì dá a padà díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra àwo mìíràn, kó béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní DD. Ó ń fara da irú ilẹ̀ yìí ju àwo olóbìírípo lásán lọ. Wáyà NEPA tó gba òkè oko kọjá, ínfátà, àti ẹ̀rọ awárin ẹlòmíì nítòsí náà ń dà á láàmú. Ẹ sún kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ebè wá. Àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 kì í sábà rí ohun tó tó kọ́bọ̀ ní ìsàlẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ, ebè iṣu sì ga jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà láàárín ebè kò ní dáhùn, ẹ ìbáà fi ọjọ́ kan gbáko lé e lórí. Ẹ wó o díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo erùpẹ̀ tí ẹ bá wó. Ọwọ́ àgbẹ̀ tún ti mọ́ ṣíṣán oko: ó ń jù àwo bí àdá, àwo á gòkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹ ti máa pàdánù ohun tí ẹ ń wá. Ẹ jẹ́ kó wà ní pẹrẹsẹ, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gorí èyí tó ṣáájú díẹ̀.

Ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Ìdó sọ òrùka góòlù nù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti yí DISC, bọ́tìnnì tó ń mú kí ẹ̀rọ dití sí irú irin kan, sókè kó má baà máa gbọ́ fọ́ìlì àti ọmọrí ìgò. Ọgbọ́n ni, àmọ́ góòlù àti fọ́ìlì jọ ń gbé ojúlé kan ní etí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá lé ọ̀kan jáde, èkejì á tẹ̀ lé e. Mo dá DISC padà sí òdo. A wa ìṣó mẹ́sàn-án, bébà sìgá méjì àti ẹnu ọkọ́ kan tó ti dógùn-ún, inú bí ọmọ náà, kí òrùka tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ebè. Ẹ̀wọ̀n góòlù tín-ínrín le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Iyùn, owó ẹyọ àti owó bébà kì í ṣe irin, ẹ má retí wọn. Ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń sọ pé ó ń tọ́ka sí góòlù láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má fi owó yín rà á. Ilé ẹjọ́ kan ní London rán ọkùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ní 2013 torí ó ta irú rẹ̀ kan, ADE 651, pé ó ń wá bọ́ǹbù. Kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ère idẹ tàbí ohun àtijọ́ ni ẹ wú, National Commission for Museums and Monuments, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, ni kí ẹ fi tó létí, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ha á.

Bí ìdánwò kọ́bọ̀ bá kọ̀ lẹ́yìn bátìrì tuntun, ẹ yá àwo ẹ̀rọ kan tó bá tiyín mu, kí ẹ fi dán an wò. Bó bá gbọ́, àwo yín ló ti bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn là á pé òun fẹ́ tún un ṣe: gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n dà bo wáyà inú rẹ̀, bí wọ́n bá là á, ó ti parí nìyẹn. Ẹ ra òmíràn.