Ẹ Fọ Ọgbẹ́ Kí Ẹ Tó Já Ewé
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní àsìkò ìkórè kòkó

A kò kọ ìwé yìí láti fi ewé han ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ewé Akíntọ́lá, ẹ mọ imí-eṣú, ẹ mọ àsùnwọ̀n òyìnbó. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé lọ́dọọdún tí ìkórè bá ti wọlé, àwọn tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún. Ẹsẹ̀ á ti wú, ọgbẹ́ á ti máa rùn. Ewé wà lórí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ oko sì wà lábẹ́ ewé. Bí a bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n fọ̀ ọ́, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "A ti fi ewé sí i."

Ewé kì í fọ ọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Bí àdá bá ṣá yín

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà sókè. Ẹ má máa ṣí i wò. Ẹni tó bá ń ṣí i wò ló ń tún ẹ̀jẹ̀ tú. Bí ìṣẹ́jú 10 kò bá dá a dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ewé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, omi àti ọṣẹ. Ó kéré tán, lítà omi 2: omi ẹ̀rọ, tàbí omi tí ẹ sè tó ti tutù. Ọṣẹ dúdú dára, bí wọn kò bá ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ máa da omi náà kí ó ṣàn kọjá lójú ọgbẹ́. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ kan kí ẹ wá máa fi omi ìdọ̀tí kan náà bu ú. Ẹ yọ iyẹ̀pẹ̀ àti ègé igi tí ẹ bá rí. Ó máa ta yín, ẹ fara dà á. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò, dúdú inú bátìrì tàbí ìgbẹ́ màlúù. A mọ̀ pé àwọn bàbá wa lò ó, àwọn kan sì yè é; àwọn tí kò yè é kò sí ńlẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ẹni tó ń lọ oko, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 dání àti ègé ọṣẹ nínú ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹmu lọ oko, omi kò wúwo jù ú lọ.

Ewé Akíntọ́lá

Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Iṣan mẹ́ta ló pín láti ìdí ewé náà, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta síni nímú bí ẹ bá rá a lọ́wọ́. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́. Àwọn oníṣègùn ní Vietnam ti fi ewé yìí kan náà ṣe ìpara fún ibi tí iná jó. Àmọ́ ọgbẹ́ kékeré ni kí ẹ lò ó fún, èyí tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí ẹran inú kò sì hàn.

Ẹ já ewé tuntun 7 sí 10. Ẹ fi omi sísè ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ẹ gún un nínú odó kékeré tí ẹ ti da omi gbígbóná sí. Kì í ṣe orí òkúta, kì í sì í ṣe inú ẹnu. Kí ènìyàn rún ewé lẹ́nu kó tu ú sójú ọgbẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, ìwà ọ̀bùn ni. Ẹ fún omi rẹ̀ sí i, ẹ̀kán 5 tàbí 6, ẹ da háhá rẹ̀ nù, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ di ojú ọgbẹ́. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ti ń já a. Etí oko ni ewé yìí pọ̀ sí jù, etí oko náà lẹ sì ń fọ́n oògùn apakoríko sí. Oògùn náà ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Paraquat, ọ̀kan lára oògùn apakoríko náà, tí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ṣì wà nínú yàrá àwọn kan. Ẹ mọ ara yín. Ibi tí ẹ kò bá ti mọ ìgbà tí wọ́n fọ́n oògùn sí i kẹ́yìn, ẹ má já ewé níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́

Inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ó ń mú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ le tí ẹnu kò fi ní ṣeé là, ó ń mú ẹ̀yìn le gan-an, ó sì ń pani. Ọgbẹ́ tó jìn, tàbí tí ìṣó gún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì 5 ni obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ń gbà, ẹ ka àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó ṣáájú rẹ̀: èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún 1, ẹ̀karùn-ún lẹ́yìn ọdún 1 mìíràn. Ọkùnrin kì í lóyún, kò sẹ́ni tó ń pè é sídìí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àdá ń ṣá. Ẹ bèèrè fún tiyín.

Kòkòrò yìí lè gba ìwọ́ ọmọ tuntun wọlé náà: ẹ má fi omi odúndún tàbí òróró sí i. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ìwọ́, ni kí ẹ lò. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú ọmọ, ó ń fọ́ ojú.

Làpálàpá

Ewé làpálàpá ni àsùnwọ̀n òyìnbó, èyí tí òdòdó rẹ̀ dúró ṣánṣán bí àbẹ́là. Ẹ gún ẹ̀kúnwọ́ ewé tútù kan, kí ẹ máa fi pa ojú làpálàpá náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 3. Bó bá ti pòórá, ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ 1 kún un. Ìjọba Philippines fọwọ́ sí ewé yìí fún irú àìsàn awọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi sí ibi tó bó, kí aláboyún má sì mu àgbo rẹ̀, nítorí ìgbẹ́ ni yóò máa ya. Ìpara tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́, tí ẹ ń rà lọ́jà nítorí pé ó ń mú ara dán, ń bo làpálàpá mọ́lẹ̀ ni, á sì máa ràn lábẹ́lẹ̀.

Kókó tí kò dunni

Bí kókó kan bá yọ lára ọmọ, tí kò dùn ún, tó wá là di egbò tó ń jẹ abẹ́ awọ lọ, pàápàá lágbègbè àbàtà, ẹ má fi ewé kankan sí i. Ó lè jẹ́ egbò Buruli. Oògùn apakòkòrò méjì, rifampicin pẹ̀lú clarithromycin, fún ọ̀sẹ̀ 8 ni ìtọ́jú rẹ̀, àwọn ará ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti ń sọdá ibodè lọ gba ìtọ́jú ní Pobè ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó bá tètè lọ, oògùn nìkan lè tó o. Ẹni tó bá fi ewé dì í fún oṣù mẹ́fà, ọ̀bẹ dókítà ló ń bá a.