Òkúta inú oòrùn ni òṣùpá: bí a ṣe ń yà á kí kòtò ojú rẹ̀ hàn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sókè sí òṣùpá àrànmọ́jú, nǹkan funfun roboto kan ló sábà máa ń rí nínú fọ́tò, bí ẹni rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ dúdú. Kò sí kòtò, kò sí àbàwọ́n kankan lójú rẹ̀. Kámẹ́rà ò bàjẹ́ o. Òkùnkùn ló gba gbogbo ojú fọ́tò, òṣùpá ò ju bíńtín lọ láàárín rẹ̀. Kámẹ́rà wá rò pé òru lòun ń yà, ó ṣí ojú sílẹ̀ pẹ́, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá bá kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Òkúta tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án gangan ni òṣùpá. Oòrùn tó ń ràn sí wa náà ló ń ràn sí i, kò sì funfun tó bí ojú ṣe ń rí i: nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá a ló ń dá padà, bíi ti títì ọlọ́dà tó ti gbó. Sẹ́tìn ọ̀sán la fi ń yà á.

Ẹ yí kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín yan gbogbo sẹ́tìn. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 100, ojú lẹ́ǹsì sí f/11 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń ṣí tó), ṣọ́tà, ìyẹn iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé, sí 1/100 tàbí 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Bó ṣe rọrùn láti rántí ni pé ní f/11, nọ́ńbà ISO àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣọ́tà máa ń bára dọ́gba: ISO 200, ṣọ́tà 1/200. Òṣùpá tó kún tó sì ti gòkè dáadáa nìyẹn wà fún. Tó bá ti ń fá, tàbí tí kò tíì kún tán, ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì sí f/8. Tó bá jẹ́ ààbọ̀, f/5.6, tó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, f/4. Ẹ má rò pé ààbọ̀ òṣùpá á kàn dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń bá a lọ́jọ́ yẹn, òkè àti kòtò ń ta òjìji síra wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣókùnkùn ju bí a ṣe lérò lọ.

Òjìji yẹn gan-an ló sì ń ṣe fọ́tò lóore. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, oòrùn ń kọjú sí i gbọnrangandan, kò sí òjìji, ojú rẹ̀ á pẹlẹbẹ bí àwo. Ẹni tó bá fẹ́ rí kòtò, ìgbà tó bá di ààbọ̀ ni kó yà á, kó sì wo ìlà tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé. Ibẹ̀ ni etí kòtò ti máa ń yọ bí ẹni fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

Ní ti lẹ́ǹsì, ìṣirò kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ tan ara yín. Ẹ pín gígùn lẹ́ǹsì (nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sára rẹ̀) sí 110, iye mìlímítà tí òṣùpá á gbà lórí sensor, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, nìyẹn. Lẹ́ǹsì 50mm á fún un ní ìdajì mìlímítà, kò tó ojú ẹyẹ. Ti 300mm á fún un ní bíi 2.7, ti 600mm á fún un ní bíi 5.5. Lórí sensor APS-C (èyí tó mọ níwọ̀n, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà) oní-mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì, ìyẹn àmì tóótòòtó tó ń para pọ̀ di àwòrán, 300mm á sọ òṣùpá di nǹkan bíi 700 píksẹ́lì láti etí dé etí. Ìyẹn tó gé jáde, tó sì tó fi hanni. Bí lẹ́ǹsì yín ò bá tó 200mm, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí kòtò. Ẹ fi òṣùpá ṣe ọ̀ṣọ́ fún ohun mìíràn.

Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má fa ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè, torí òun ló máa ń mì jù. Bí lẹ́ǹsì bá ní ohun tó ń gbógun ti gbígbọ̀n ọwọ́, ẹ pa á: lórí ìdúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wá gbígbọ̀n tí kò sí kiri, tí wọ́n á sì fúnra wọn dá a sílẹ̀. Ẹ lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí rìmóòtù, kí ìka yín má kan kámẹ́rà nígbà tó bá ń yà. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà onídígí inú, ẹ fi sí live view, ìyẹn kí ẹ máa wo àwòrán lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí dígí yẹn má gbá a.

Fókọ́ọ̀sì ló ń ba fọ́tò òṣùpá jẹ́ jù lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀. Àmì àìlópin tó wà lára òrùka lẹ́ǹsì kò ṣeé gbára lé. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì máa ń yí kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ẹ yí lẹ́ǹsì sí MF, ìyẹn fókọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe, ẹ ṣí live view, ẹ fa àwòrán tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá sí etí òṣùpá. Ẹ rọra yí òrùka títí etí náà á fi mú, ẹ yí i kọjá díẹ̀ kó lè ṣú, kí ẹ tó dá a padà. Bí etí òṣùpá bá ń jó lójú yín bí ẹni ń wò ó láti inú omi, fókọ́ọ̀sì kọ́, afẹ́fẹ́ ni. Òrùlé àti kọnkéré tó ti mu oòrùn látàárọ̀ máa ń tú ooru sílẹ̀ lálẹ́; ẹ yàgò fún wọn, ẹ yà á láti orí koríko nígbà tí òṣùpá bá ti gòkè. Ẹ má yà á láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé, òjìji méjì ló máa ń bí. Bí kámẹ́rà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú yàrá tútù, ẹ fi sílẹ̀ nínú báàgì fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òógùn má bo lẹ́ǹsì.

Òṣùpá kì í dúró. Ó máa ń fi bíi ìṣẹ́jú méjì rìn ní ìwọ̀n ara rẹ̀ lójú ọ̀run. Ẹ má jẹ́ kí ṣọ́tà lọ́ra ju 1/60 lọ pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, ẹ kọ́kọ́ fi ISO kún un.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kí ènìyàn tàbí ilé dúró níwájú òṣùpá ńlá, ọ̀nà jíjìn ni ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ sọ gíga ohun náà di ìlọ́po 110, ibi tí ẹ máa dúró sí láti yà á ni yóò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.7, tí ẹ bá dúró ní mítà 187 sí i, òun àti òṣùpá á ga bákan náà nínú fọ́tò, lẹ́ǹsì yòówù kí ẹ lò. Ẹ lọ sí mítà 374, òṣùpá á sì fi ìlọ́po méjì ga jù ú lọ. Ọ̀nà jíjìn yìí ń ran fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́ pẹ̀lú: pẹ̀lú 300mm ní f/11, bí ẹ bá fi fókọ́ọ̀sì sára ènìyàn tó wà ní mítà 187, òṣùpá á ṣú, ní 400, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú.

Ẹ yà á ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó máa kún. Lọ́jọ́ tó kún, bí oòrùn bá ń wọ̀ ló ń yọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó gòkè. Ṣùgbọ́n òṣùpá máa ń pẹ́ ju ti àná lọ ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú, á ti yọ kí oòrùn tó wọ̀, ojú ènìyàn yín á ṣì hàn. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀, tó pupa rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín púpọ̀, ẹ fi ISO 400 tàbí 800 bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ gbé e lé nǹkan, ẹ tẹ òṣùpá mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀ títí á fi ti fókọ́ọ̀sì pa, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí àbàwọ́n á fi yọ.

RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fúnra rẹ̀ tún ṣe, ni kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì fi sẹ́tìn àwọ̀ (white balance) sí 5500K, bíi ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ ya bíi ogún sí àádọ́ta léra wọn, torí afẹ́fẹ́ máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. AutoStakkert, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á ṣa èyí tó mú jù, á sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un mú kedere. Bí ẹ bá ti rí òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí òṣùpá ká, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà sẹ́yìn.