Bí A Ṣe Ń Yẹ Mótò Ọ̀kadà Oníbátìrì Wò Kí A Tó Dá A Lẹ́bi

Bí ọ̀kadà oníbátìrì bá ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú kan, tó ń kùn, tí kò sì gbéra bí a ti ń fún un níná, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ lẹ́nu atúnṣe ni pé mótò ti jó, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Owó ńlá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣeé ṣe kí mótò náà má ní àrùn kankan lára. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń gun irú ọ̀kadà yìí ní Abẹ́òkúta lè fi mítà tí a fi ń wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú wíìlì ẹ̀yìn. Mótò ti àtijọ́, irú èyí tó ń yí wáípà ọkọ̀, ní kábọ́ọ̀nù tó ń ha ara mọ́ bàbà tó ń yí, kí iná lè ráyè wọ inú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé jọ; kábọ́ọ̀nù yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bó pẹ́ bó yá a ó pààrọ̀ rẹ̀. Mótò tí à ń sọ yìí kò ní kábọ́ọ̀nù rárá. Kọ́ìlì ló dúró gbọnyin lára ọ̀pá àárín, òòfà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rímù ló sì ń yí i ká. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín kọ́ìlì náà sí, ìdí nìyẹn tí wáyà ńlá mẹ́ta fi jáde lára rẹ̀. Kọntírólà ló ń pín iná fún wọn: méjì nínú mẹ́ta ló ń gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń pààrọ̀ wọn ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà tó ń yí po, kí agbára kọ́ìlì lè máa ṣáájú òòfà, kí ó sì máa fà á tẹ̀lé ara rẹ̀. Láti ọdún 1962 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, T. G. Wilson àti P. H. Trickey, ti ṣàlàyé irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà.

Kọntírólà kò lè dá mọ ibi tí òòfà dé. Sẹ́ńsọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí à ń pè ní Hall ló ń sọ fún un. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá dákẹ́, ọ̀kadà lè máa gbọ̀n bí mo ti sọ lókè, mótò ni wọn yóò sì dá lẹ́bi.

Ẹ gbé ọ̀kadà náà sórí sítáǹdì àárín kí wíìlì ẹ̀yìn má baà kan ilẹ̀. Ẹ pa á, kí ẹ sì yọ wáyà bátìrì. Bátìrì 60 tàbí 72 fóòtì (volt) kì í ṣe ohun àfiṣeré, iná sì máa ń ṣẹ́kù sínú kọntírólà lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́. Nítorí náà ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi sún mọ́ òdo. Ẹ ya fọ́tò àwọn wáyà bí wọ́n ṣe wà, torí pé àwọ̀ wáyà mótò àti ti kọntírólà kì í fìgbà gbogbo bára mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì. Bí ó bá le, tó ń yí tìpátìkúùkù, ẹ yọ wáyà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára kọntírólà, kí ẹnu wọn má kanra, kí ẹ sì tún un yí. Bí ó bá wá rọ̀, kọntírólà ló ní àìsàn: ó jọ pé MOSFET, èyíinì síwíìṣì tó ń tan iná sí kọ́ìlì, ti jó, ó sì ti so wáyà kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bí ó bá ṣì le, ẹ fura sí bíárìn, tàbí kọ́ìlì tó ti jó lẹ̀ mọ́ra. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá so ẹnu wáyà ńlá méjì pọ̀, wíìlì tó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò le mọ́ yín lọ́wọ́ lójijì, nítorí òòfà tó ń yí ń pèsè iná sínú kọ́ìlì, iná yẹn tó rí ọ̀nà gbà ló sì ń dá a dúró. Ẹ dán an wò ní méjì méjì títí ẹ ó fi kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí líle wọn dọ́gba. Bí wíìlì kò bá le rárá nígbà tí ẹ so méjì kan pọ̀, wáyà kan ti já. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà níbí yìí, torí ohun tí a fẹ́ wọ̀n kéré jù fún mítà ọjà. Ohun tí mítà lè sọ ni bóyá wáyà ńlá kan ti kan irin ọ̀pá àárín; kò gbọdọ̀ kàn án.

Ó wá kan sẹ́ńsọ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà ní yíyọ, kí ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ sì ṣí kọ́kọ́rọ́ láìyí ọwọ́ tí a fi ń mú un sáré. Wáyà tínrín márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀. Láàárín pupa àti dúdú, mítà yẹ kí ó ka nǹkan bíi fóòtì 5. Ẹ fi ẹnu mítà dúdú sílẹ̀ lára wáyà dúdú, kí ẹ fi pupa kan àwọn mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹnìkan ti ń rọra yí wíìlì. Nọ́ńbà yóò máa lọ sókè sí nǹkan bíi 5, yóò tún bọ́ sílẹ̀ sún mọ́ òdo. Èyí tó bá dúró sójú kan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú, tàbí kí wáyà rẹ̀ ti já níbi tó ti wọ inú ọ̀pá àárín, ibi tó máa ń ká jù. Owó sẹ́ńsọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mótò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí wíìlì náà kí ó ṣọ́ ìka rẹ̀, torí òòfà inú rẹ̀ lágbára púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé kọ́ìlì ló jó lóòótọ́, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Mótò tó ń sáré ń pèsè iná tó ń ti iná bátìrì sẹ́yìn. Bí eré rẹ̀ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó gbé ẹrù ńlá láti Láfẹ́ńwá létí odò Ògùn gòkè wá sí ìhà Aké, tó fún un níná tán nígbà tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kọ́ìlì ló ń sè. Ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó kojú òkè mìíràn.

Bí ẹ bá parí, ẹ yọ bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ da gbogbo wáyà padà bí fọ́tò ṣe fi hàn. Kí wíìlì ṣì wà lókè nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un níná díẹ̀. Bí ó bá yí sẹ́yìn tàbí tó ń gbọ̀n, wáyà ti ṣì síbi kan. Ẹ tún un tò kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.